Àkọsílẹ̀ iṣẹ́: bí a ṣe sọ ìgbẹ́ adìẹ di ajílẹ̀ fún oko ẹ̀fọ́ wa ní Mọ́níyà

Bí ilẹ̀ náà ṣe rí

Ilẹ̀ ẹ̀fọ́ tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jọ ń dá lẹ́yìn Mọ́níyà, níhà àríwá Ìbàdàn, ti ṣá. Tẹ̀tẹ̀ tó yẹ kó ga dé orúnkún lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà, agbede ojúgun ló ń mọ, ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ á sì ti máa pọ́n kí a tó fà á. Tí ẹ bá kọ ilẹ̀ náà, iyanrìn gbẹrẹfu ni ọkọ́ ń hú jáde, ẹ ò sì ní rí ekòló kan. NPK 15-15-15, ajílẹ̀ oníkẹ́míkà inú àpò, la ti ń bù sí i láti ọjọ́ yìí wá. Ó ń ṣiṣẹ́, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn: kò ní pẹ́ tí ewé á fi tutù yọ̀yọ̀. Ṣùgbọ́n tí òjò ńlá méjì bá ti tẹ̀ lé ara wọn, àfi bí ẹni pé a ò bu nǹkan kan sí i.

Ilẹ̀ agbègbè wa, iyanrìn ló pọ̀ lójú rẹ̀, amọ̀ tó wà nísàlẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tí kì í lè di oúnjẹ ewéko mú dáadáa. Ohun tó ń bá a dì í mú ni nǹkan dúdú tó ti jẹrà sínú ilẹ̀: ewé, gbòǹgbò, ìgbẹ́ ẹran. Ooru àti òjò tiwa sì máa ń jẹ ìyẹn run kíákíá tí èèyàn bá ń dáko lójú kan náà lọ́dọọdún. Láyé àwọn bàbá wa, wọn á fi irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan kó di igbó, wọn á sì lọ dá ibòmíì. Ta ló ní ilẹ̀ tó máa fi sílẹ̀ ní Mọ́níyà lónìí, tí àwọn onílé ti yí wa ká? A bá pinnu pé a máa fún ilẹ̀ náà ní ara tuntun níbi tó wà.

Ẹni tó bá dàgbà sí agboolé mọ̀ pé ẹ̀bá ààtàn ni gbúre àti tẹ̀tẹ̀ ti ń hù láìsí ẹni tó gbìn ín, níbẹ̀ náà ni ìbẹ́pẹ ti ń so tí kì í dáwọ́ dúró. Eérú, èèpo iṣu, ìgbẹ́ ewúrẹ́ tí wọ́n gbá láàárọ̀, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Ohun tí a kọ́ yìí, ààtàn náà ni, àmọ́ a fi ìwọ̀n sí i.

Ìgbẹ́ tí a yàn, àti ìdí rẹ̀

Màmá kan wà ní ìparí òpópónà wa tó ń sin adìẹ ẹlẹ́yin nínú kéèjì. Ìgbẹ́ wọn ń já bọ́ sísàlẹ̀, ó ń ga bí òkìtì, òórùn rẹ̀ sì ń dé títì. Nígbà tí a lọ bá wọn, wọn ò tiẹ̀ jẹ́ ká parí ọ̀rọ̀. Wọ́n ní, “Ẹ kó o, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kó gbogbo rẹ̀. Àwọn aládùúgbò ti fẹ́ fi òórùn yìí lé mi nílé.”

Òórùn yẹn gan-an ni gbogbo iṣẹ́ yìí dá lé. Adìẹ kì í tọ̀ lọ́tọ̀. Ohun funfun tí ẹ máa ń rí lórí ìgbẹ́ rẹ̀, ìtọ̀ rẹ̀ nìyẹn, inú funfun yẹn sì ni náítírójìn pọ̀ sí jù. Náítírójìn ló ń mú kí ewé tutù, kó sì gbòòrò. Tí omi àti kòkòrò àìfojúrí bá ti kan funfun yẹn, ó máa ń di amóníà, èyí tó ń ta yín nímú, tó ń mú kí ojú yín máa ṣomi nídìí kéèjì. Afẹ́fẹ́ ni amóníà. Bí ẹ bá ti ń gbóòórùn rẹ̀, oúnjẹ ẹ̀fọ́ yín ló ń bá atẹ́gùn lọ yẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ẹni tó kó ìgbẹ́ adìẹ dà sí oko lásán, tó fi í sílẹ̀ nínú oòrùn, ti fi apá kan ọrọ̀ rẹ̀ ṣòfò kí ẹ̀fọ́ tó rí i.

Nínú ìgbẹ́ màlúù tó gbẹ, náítírójìn kì í sábà ju ìpín 2 nínú 100 lọ. Ti adìẹ máa ń tó 3 sí 4. Ti ewúrẹ́ àti àgùntàn wà láàárín àwọn méjèèjì. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ báyìí: tọ́ọ̀nù kan ìgbẹ́ adìẹ gbígbẹ, èyí tó jẹ́ àpò oníkílò 50 lọ́nà ogún, náítírójìn inú rẹ̀ tó kílò 30 tó bá jẹ́ ìpín 3 péré ló ní. Àpò NPK 15-15-15 oníkílò 50 kan ní kílò 7.5, nítorí 15 àkọ́kọ́ yẹn ni ìpín náítírójìn nínú 100. Náítírójìn àpò NPK mẹ́rin ló wà nínú tọ́ọ̀nù ìgbẹ́ yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní sáà kan; díẹ̀díẹ̀ ló ń tú u. Èyí tó tún wù mí nínú ìgbẹ́ adìẹ ẹlẹ́yin ni kálísíọ̀mù. Oúnjẹ tí wọ́n ń fún wọn kí èèpo ẹyin wọn lè le máa ń ní òkúta ẹfun lílọ̀ nínú, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń bá ìgbẹ́ jáde. Ilẹ̀ tó ti ń di kíkan nítorí fatiláísà máa ń rí ìtura nídìí rẹ̀.

A ò kẹ́gàn ìgbẹ́ màlúù o. Fọ́nrán koríko inú rẹ̀ pọ̀, ó sì dára fún ilẹ̀ oníyanrìn, ṣùgbọ́n irúgbìn koríko máa ń la inú màlúù kọjá láìkú. Ẹni tó bá dà á sóko bẹ́ẹ̀, ó ti gbin èpò nìyẹn. Ìgbẹ́ ajá àti ti olóńgbò kò sí nínú ètò wa rárá, nítorí aràn tó lè ti ibẹ̀ wọnú ara èèyàn.

Kí ló dé tí a ò fi da ìgbẹ́ adìẹ sí ilẹ̀ ní tútù? Lákọ̀ọ́kọ́, ó ń jó gbòǹgbò. Èkejì ló lágbára jù: àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń fa inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru wà nínú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin tó de àwọn tó ń ṣe oko láìlo kẹ́míkà sọ pé ẹni tó bá lo ìgbẹ́ tútù gbọ́dọ̀ fi ọjọ́ 120 sílẹ̀ kó tó kórè ohunkóhun tí ibi jíjẹ rẹ̀ ń kan ilẹ̀, ọjọ́ 90 fún èyí tí kò kan ilẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ kì í lò tó oṣù méjì. Àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ wa ń fi bọ́ ọmọ wọn. Sísè rẹ̀ sínú ooru ara rẹ̀ ló kù.

Kíkọ́ yàrá rẹ̀, nígbà ọyẹ́

Abẹ́ igi máńgòrò la lò, kí oòrùn má baà máa gbẹ ẹ́. Ibẹ̀ jìnnà sí kànga, ó sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ má ṣe kọ́ ọ sókè kànga láéláé, nítorí omi tó bá sun láti ibẹ̀ máa ń wọlẹ̀ lọ. A ò rẹ́ sìmẹ́ǹtì sílẹ̀. A lu ilẹ̀ náà kó le, a jẹ́ kó dàgẹ̀rẹ̀ díẹ̀, a sì gbẹ́ gọ́tà yí i ká.

Yàrá mẹ́ta la ṣe, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ní gígùn, mẹ́rin ní ìbú, mẹ́rin ní gíga. Ìwọ̀n yẹn ní ìdí. Òkìtì tó bá kéré sí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta kì í lè pa ooru mọ́. Èyí tó bá sì ga ju ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún lọ á fi ìwúwo rẹ̀ fún afẹ́fẹ́ pa nísàlẹ̀. Ohun tó ń mú yàrá pé mẹ́ta ni yíyí: èyí tó wà nínú yàrá kìíní ni a óò dà sí ìkejì, títí yóò fi dé ìkẹta níbi tí yóò ti gbó.

Ọparun la kọ́kọ́ rí fi ṣe òpó. Ikán ti débẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gan-an, wọ́n ti fi ilẹ̀ bo ẹsẹ̀ ọparun méjì. A yọ gbogbo rẹ̀, a gé ẹ̀ka agúnmaniyè tútù tó nípọn tó ọrùn ọwọ́, a rì í mọ́lẹ̀ dípò rẹ̀. Igi yẹn máa ń ta gbòǹgbò, ikán kì í fẹ́ràn èyí tó wà láàyè, ewé rẹ̀ tó bá sì hù ni a óò máa gé sínú òkìtì, nítorí òun náà kún fún náítírójìn. Imọ̀ ọ̀pẹ la hun sáàárín àwọn òpó náà. Ó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, owó kò sì jáde lórí rẹ̀. Tapólì la fi ṣe òrùlé, a gbé e lé ọ̀pá mẹ́rin kó ga kúrò lórí òkìtì.

Pípò ó

Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń sọ ìgbẹ́ di ajílẹ̀ ń jẹ kábọ́ọ̀nù, èyí tó pọ̀ nínú ewéko gbígbẹ, àti náítírójìn pọ̀. Ohun tó bá wọn lára mu ni kábọ́ọ̀nù 25 sí 30 fún náítírójìn 1. Ìgbẹ́ adìẹ nìkan kò ju bí 10 lọ, ìyókù náítírójìn kò wá rí ẹni tó máa jẹ ẹ́, ó di amóníà, ó fò lọ. Pòròpórò àgbàdo wà ní nǹkan bí 60. Ìyẹ̀fun pákó, tí àwọn ará ọjà pákó ń pè ní sọ́dọ́ọ̀sì, ń lọ sókè 300. Tí òun nìkan bá wà nílẹ̀, ó lè lo ọdún kó tó jẹrà. Ohun tí èèyàn ń wá ni pé kí gbígbẹ àti tútù pàdé ní ìwọ̀n tí òórùn á fi dákẹ́.

Pòròpórò inú oko wa la fi àdá gé wẹ́wẹ́. Sọ́dọ́ọ̀sì, ọjà pákó Bódìjà la ti lọ kó o, níbi tí òkìtì rẹ̀ ti máa ń jóná lásán. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń la igi kí ẹ tó kó o: èyí tó bá ti ara pákó tí wọ́n ti fi oògùn ikán kùn jáde, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Ìwọ̀n tó bá wa mu nìyí, páànù bíríkìlà la fi wọ̀n ọ́n: ìgbẹ́ adìẹ páànù kan, pòròpórò páànù méjì tó kún dáadáa, sọ́dọ́ọ̀sì ìdajì páànù, àti koríko tútù bí a bá ṣe rí i. Pòròpórò tó le la tẹ́ sísàlẹ̀ pátápátá kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ̀yìn ìyẹn la wá ń tò ó ní ìpele-ìpele, a ń fi ẹ̀yìn ọkọ́ fọ́ ìgbẹ́ tó bá dì, a ń bu omi sí ìpele kọ̀ọ̀kan bó ti ń ga. Ìkẹyìn, a fi sọ́dọ́ọ̀sì gbígbẹ bo orí rẹ̀ dáadáa. Eṣinṣin ò rí ibi bà sí, ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé òórùn ti rọlẹ̀. Màmá elédìẹ wá wò ó, wọ́n dúró ti òkìtì náà, wọ́n fa èémí símú, wọ́n bi wá pé, “Ṣé tèmi náà lẹ kó síbẹ̀ yìí?”

Ti omi ló máa ń ṣe àwọn èèyàn bákan. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan láti àárín, ẹ fún un gírígírí. Tí ẹ̀kán omi méjì tàbí mẹ́ta bá yọ láàárín ìka yín, ó pé. Tó bá ń ṣàn, ó ti pọ̀ jù, afẹ́fẹ́ á sọnù níbẹ̀. Tí ọwọ́ yín bá ṣí tó tú ká bí gàrí, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́.

Ooru

Kò pẹ́ ọjọ́ tó fi gbóná. Irin bíríkìlà gígùn kan la gún sí àárín rẹ̀, ó ń gbé ibẹ̀. Tí a bá fà á yọ tí a sì lè dì í mú pẹ́, òkìtì náà tutù jù. Tí ọwọ́ bá yára fi í sílẹ̀, ó wà níbi tí a fẹ́. Lẹ́yìn náà la yá tẹmọ́mítà tó ní ọ̀pá gígùn lọ́wọ́ ẹnìkan kí a lè mọ̀ dájú. 55 sí 65 lórí òṣùwọ̀n Celsius lèèyàn ń wá. Ní 55 sókè, tó bá pẹ́ tó, kòkòrò tó ń fa àrùn á kú, irúgbìn èpò á kú. Tó bá kọjá 70, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún wa náà á bẹ̀rẹ̀ sí kú, àsìkò yíyí ti dé nìyẹn. Ìlànà tí a tẹ̀ lé, tí wọ́n ń lò lókè òkun fún òkìtì tó wà ní gbangba, ni pé kó wà ní 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọjọ́ 15, kí wọ́n sì yí i lẹ́ẹ̀márùn-ún láàárín àkókò náà. Yíyí yẹn kì í ṣe àṣejù: etí òkìtì kì í gbóná bí àárín rẹ̀, ohun tó wà létí gbọ́dọ̀ di ohun tó wà láàárín kí ooru tó kan gbogbo rẹ̀.

Àárọ̀ kùtù la máa ń yí i. Tí fọ́ọ̀kì bá ti ṣí i, èéfín funfun á sọ sókè, ooru á gbá èèyàn lójú. Ní bí ìwọ̀n ọwọ́ kan sí òde, ẹ ó rí nǹkan eléérú tó bo pòròpórò, bíi kí ẹnìkan bu eérú sí i. Ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Ẹ̀dá kan tó fẹ́ràn ooru ló ṣe é, ìdílé rẹ̀ náà ló ń fún ilẹ̀ ní òórùn tó máa ń jáde nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá bà á. Àmọ́ tí nǹkan eléérú yẹn bá pọ̀ jù tó sì gbẹ, omi ló ń wá. Bí ti ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀-oòrùn wa ṣe rí nìyẹn, níbi tí oòrùn ọ̀sán ti ń yọjú lábẹ́ igi. A bomi sí i, ó sì gbóná padà.

Imú la fi ń darí gbogbo rẹ̀. Níbi tí ìgbẹ́ bá ti dì pọ̀, amóníà á ta wá nímú bí a bá ti là á. A ó fọ́ ọ, a ó da sọ́dọ́ọ̀sì sí i. Tó bá ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, afẹ́fẹ́ kò dé ibẹ̀, a ó tú u, a ó fi pòròpórò gbígbẹ là á láàárín.

Òjò kìíní

Ìjì ló ṣáájú òjò àkọ́rọ̀, ó sì ká tapólì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Omi láti òkè oko gba orí gọ́tà kọjá, ó wọ ẹsẹ̀ yàrá kejì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ti dúdú, ó ń rùn, omi aláwọ̀ tíì ń sun jáde. Omi yẹn ni ajílẹ̀ tó ń lọ. A gbẹ́ gọ́tà òkè jìn sí i, a kó erùpẹ̀ rẹ̀ ṣe òkè kékeré sí ẹ̀gbẹ́ òkìtì, a sì fi okùn so tapólì mọ́ òpó dípò òkúta tí a gbé lé e. Ìsàlẹ̀ tó rin, a kó o jáde, a pò ó mọ́ pòròpórò gbígbẹ, a dá a padà sórí. Ó tún gbóná.

Báwo la ṣe mọ̀ pé ó ti jinná?

Òkìtì náà ti rẹlẹ̀ tó ìdajì. A yí i, kò gbóná mọ́. Ẹ ò lè tọ́ka sí ìgbẹ́ mọ́ nínú rẹ̀, àfi ègé pòròpórò díẹ̀ tó ń fọ́ lọ́wọ́. Síbẹ̀ mi ò gba ojú àti imú nìkan gbọ́. A bu ajílẹ̀ náà mọ́ iyanrìn nínú agolo mílíìkì, a bu iyanrìn lásán sínú òmíràn, a gbin tẹ̀tẹ̀ sínú méjèèjì. Ajílẹ̀ tí kò tíì jinná kì í jẹ́ kí irúgbìn hù dáadáa, tàbí kí orí ewé kékeré jó. Tiwa hù, ó dúró ṣánṣán.

Bíbù ú sí ilẹ̀

Tọ́ọ̀nù mẹ́wàá fún hẹ́kítà kan la tẹ̀ lé, èyí tó jẹ́ kílò kan fún mítà kan níbùú lóròó. Bẹ́ẹ̀dì ẹ̀fọ́ wa gùn ní mítà mẹ́wàá, ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà kan ó lé díẹ̀, nítorí náà kílò méjìlá ń lọ sí i. Ẹ ò nílò òṣùwọ̀n lójoojúmọ́: a wọn rọ́bà pẹ́ńtì kan lẹ́ẹ̀kan, ó lé díẹ̀ ní kílò méjì, rọ́bà márùn-ún sí mẹ́fà la ń bù sí bẹ́ẹ̀dì. A fi ọkọ́ pò ó mọ́ ilẹ̀ tó jìn tó ìka àtàǹpàkò méjì sí mẹ́ta, kí oòrùn má rí i jẹ. Fún ata, ẹ̀kúnwọ́ méjì sínú ihò, a ó da erùpẹ̀ lé e kí a tó gbé ata lé e.

Ẹ̀gbọ́n mi bi mí nídìí bẹ́ẹ̀dì pé, “Ṣé ká wá sọ fatiláísà nù?” Mo ní, “Rárá, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká dín in kù sí ìdajì.” Ohun tó gbé mi dé ibẹ̀ ni ìdánwò kan tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní Sàmárù, Zaria, láti 1950. Ilẹ̀ kan náà ni wọ́n ń fi ìgbẹ́ màlúù àti ajílẹ̀ oníkẹ́míkà sí lóríṣiríṣi, nígbà míì ọ̀kan ṣoṣo, nígbà míì méjèèjì pọ̀. Ilẹ̀ tó ń jẹ kẹ́míkà nìkan ń di kíkan sí i, ó sì ń tín-ín-rín. Èyí tí ìgbẹ́ bá a dé ló dúró dáadáa. Àwọn àgbẹ̀ àyíká Kano kò tiẹ̀ dúró de ìdánwò. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni wọ́n ti ń fi kó ìgbẹ́ ẹran lọ sóko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn láti ayé àwọn baba wọn, wọ́n sì ń dá ilẹ̀ kan náà lọ́dọọdún láìfi í sílẹ̀ fún igbó.

Ohun tí a ti rí báyìí: tẹ̀tẹ̀ orí bẹ́ẹ̀dì tó jẹ ajílẹ̀ dé orúnkún, ó sì tún ń yọ ẹ̀ka lẹ́yìn tí a rẹ́ ẹ. Nígbà tí òjò dáwọ́ dúró láàárín, tí èyí tí kò jẹ ẹ́ ń rọ lọ́sàn-án, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ṣì tutù tí a bá fi ìka gún un. Ekòló ti ń yọ. Ṣọkọ ló yà mí lẹ́nu jù: ewé rẹ̀ fẹ̀, kò sì yára yọ òdòdó bó ti máa ń ṣe nílẹ̀ ebi.

Ohun kan wà tí a óò ṣọ́. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, oúnjẹ ewéko míì tó wà nínú ìgbẹ́ adìẹ, pọ̀ ju èyí tí ẹ̀fọ́ ń lò lọ tí a bá fi náítírójìn ṣe òdiwọ̀n, tí èèyàn bá sì ń bù ú lọ́dọọdún, ó máa ń kó jọ sínú ilẹ̀, òjò á sì gbé e lọ sí odò. Nítorí náà òkìtì tó wà nínú yàrá kìíní báyìí, ìdajì ìgbẹ́ rẹ̀ ni a kó láti ọjà màlúù Akínyẹlé, ìdajì tó kù jẹ́ ti màmá elédìẹ. Pẹ̀lú ti màlúù, a dín pòròpórò kù sí páànù kan àbọ̀, a sì yọ sọ́dọ́ọ̀sì kúrò pátápátá, nítorí kábọ́ọ̀nù ti pọ̀ nínú ìgbẹ́ tó jẹ koríko. Irin wà láàárín rẹ̀, ó ti ń gbóná.